Ohùn Bàbá Lẹ́nu Ọmọ: Àgbéyẹ̀wò Orin Àpàlà Mùsílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Òwe yìí fi hàn pé a kì í bínú ọmọ tó bá jọ òbí rẹ̀. Síbẹ̀, tó bá di ọ̀rọ̀ orin, ohun tí à ń yìn nínú ojú àti ìrìn ọmọ ni a máa ń fi bú u. Bí ohùn rẹ̀ bá jọ ti bàbá rẹ̀, a ní kò ní àtinúdá. Bí kò bá sì jọ ọ́, a ní ó ti ba ogún jẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi orin Mùsílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó kan àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ní kíláàsì, tí a sì ń fi máàkì sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ nípa rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ti bàbá. Ọdún 1948 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ ṣe àwo, ó sì fi yin Ọba Adébóyè, Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Nígbà tí ọba náà wàjà, tí Hárúnà tún orin náà ṣe ní 1955, ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró dá ilé iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀. Ó kú ní 1983. Ìlù, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni ó gbé orin rẹ̀ kà. Kò fi jìtá ṣe òpó.

Ọdún 2000 ni àwo Mùsílíù tí a ń pè ní Sóyòyò jáde, ọdún kẹtàdínlógún lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Fújì ló gba ìgboro nígbà náà. Orin àgbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka àpàlà sí. Bí a bá tẹ́tí sí àwo yìí, a ó rí i pé ètò orin náà kò yí padà: olórí orin ń dá, elégbè ń gbè, òwe sì ń jẹyọ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo. Ohun tó yí padà ni ìrìn ìlù. Nínú orin Hárúnà, ìlù máa ń rọra rìn kí ọ̀rọ̀ lè yé ni. Nínú ti Mùsílíù, ìlù yá, ọ̀rọ̀ ni ó ń bá a lọ. A kò gbà pé àdàkọ ni irú iṣẹ́ báyìí. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti bàbá dáadáa kò lè mọ ibi tí òun lè yí padà tí orin kò fi ní bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ àbáláyé, orúkọ ni a fi ń mọ ìdílé: Àyàn fún onílù, Ọ̀jẹ̀ fún eléégún, Ọdẹ fún ọlọ́dẹ. Àpàlà kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí orin tó dìde láàárín àwọn Mùsùlùmí wa ní sáà ìjọba òyìnbó ni. Ìṣọ̀lá, oríkì àbísọ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni a ń fi í kì, a kì í jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsílíù gbé orúkọ àti oríkì bàbá rẹ̀ pọ̀, ó sì sọ wọ́n di orúkọ ìdílé. Lójú tiwa, àtinúdá tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: ó dá ìdílé sílẹ̀ fún orin tí kò ní ìdílé tẹ́lẹ̀.

Èyí kò ní kí a má sọ àbùkù rẹ̀. Nígbà mìíràn, orúkọ àwọn tí Mùsílíù ń yìn máa ń pọ̀ débi pé èrò orin á fara sin. Lóòótọ́, Hárúnà náà yin ènìyàn. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ni ó fi àwo Òròkí Social Club yìn ní 1971. Ṣùgbọ́n ó máa ń so ìyìn mọ́ ìmọ̀ràn. Ibi tí ọmọ bá ti tú okùn yìí, orin rẹ̀ kò wúwo tó ti bàbá.

Bákan náà, a kò gbọ́dọ̀ rò pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ọ̀nà ogún. Lígálì Mùkáíbà, ọmọ Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ọmọ Hárúnà, síbẹ̀ olórin àpàlà tó ní orúkọ ni. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wà, okùn ìbátan wọn pẹ̀lú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò sì tíì já. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ àpàlà níbi ìnáwó ní ìlú méjèèjì yìí, ogún tirẹ̀ ni ó ń gbọ́.

Kí wá ni kí olùkọ́ ṣe? Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ pé orin àríyá ni àpàlà, pé ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó nìkan ló yẹ ní kíláàsì. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n tún un rò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Ìkòròdú kan bá to àbùdá àpàlà lẹ́sẹẹsẹ, tí èkejì rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sì fi orin bàbá àti ti ọmọ wéra, tó tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yà, ẹni kejì yìí ni máàkì tọ́ sí jù, bí kò tilẹ̀ rántí gbogbo àbùdá. Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi wọ́n ni pé: kí ni ọmọ yìí ṣe sí ohun tí ó bá nílé? Bí a bá ń béèrè bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé lítíréṣọ̀ alohùn kò parí sọ́dọ̀ àwọn tó ti kú, àti pé òun náà lè ní ìpín nínú rẹ̀.