Ẹnu Mélòó Ló Ń Kọ Orin Ìlú?

Ní ìlú Jos, bí ẹnìkan bá bi ọ́ pé àdúgbò wo lò ń gbé, ohun tó fẹ́ mọ̀ lè ju ojúlé lọ. Láti ìgbà tí ìjà ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ti bẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó kúrò láàárín àwọn tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ sí tiwọn, títí orúkọ àdúgbò fi ń sọ ibi tí èèyàn ti ń gbàdúrà. Angwan Rukuba jẹ́ ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Hausa ló ni “angwan”, àdúgbò ló túmọ̀ sí. Rukuba sì ni orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ń pe àwọn Bache, ẹ̀yà kan ní Plateau. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Jos ló ń gbé ibẹ̀. Níbẹ̀ àti ní Gada Biyu ni bọ́ǹbù ti dún lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún 2010, nígbà tí àwọn èèyàn ń múra Kérésìmesì.

Bí àwọn ọ̀dọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá wá kóra jọ pé àwọn fẹ́ fi drill, irú ráàpù kan, kọ orin nípa Jos, kí ni lámèyítọ́ yóò máa fetí sí nínú rẹ̀?

Chicago ni drill ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Chief Keef gbòde ní 2012 ni ayé gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù gbà á, wọ́n tún un ṣe, báàsì rẹ̀ sì di ohun tí ń rìn. Kì í dúró lójú kan. Á ti ìsàlẹ̀ yọ́ gòkè, á tún yọ́ wálẹ̀, bí onílù ṣe ń fún okùn ara ìyáàlù dùndún kí ohùn rẹ̀ lè yí. Mi ò sọ pé àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù jí ìlù Àyàn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń fi èdè olóhùn kọrin, ìbáà jẹ́ Twi, Hausa, Berom tàbí Yorùbá, ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, báàsì náà ń lọ sókè sódò, àwọn méjèèjì lè fẹnu kò, wọ́n sì lè ta ko ara wọn. Olórin tó gbọ́n a máa fi ìyẹn ṣeré.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń dùn, kó lọ sí Kumasi ní Gánà. Ní 2020, Yaw Tog, ọmọ ilé-ìwé girama nígbà náà, gbé “Sore” jáde pẹ̀lú O'Kenneth, City Boy, Reggie àti Jay Bahd. “Dìde” ni Sore ní èdè Twi. Àwọn ọmọ ìlú náà pe irú drill tiwọn ní asakaa. Wọ́n ní “kasa”, tó túmọ̀ sí “sọ̀rọ̀”, ni wọ́n yí sílébù rẹ̀ po. Wọ́n lọ Kumasi àti Amẹ́ríkà pọ̀, wọ́n fi sọ ìlú wọn ní Kumerica. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ tó ní eyín ni. Accra ni owó orin Gánà ń lọ tipẹ́tipẹ́, Kumasi sì wá kéde pé òun kì í ṣe ìgbèríko ẹnikẹ́ni. Stormzy láti Lọ́ńdọ̀nù àti Kwesi Arthur láti Tema bá wọn ṣe àtúnṣe orin náà ní 2021. Ẹ kíyè sí i: ìta ló wá bá ilé.

Ohun tó mú “Sore” lágbára lójú tèmi ni pípín tí wọ́n pín ẹnu. Ọmọdékùnrin kan ló ni orin, ṣùgbọ́n kò dá ìlú rù. Bí ọ̀kan ti ń sọ̀ ọ́ sílẹ̀ lòmíràn ń gbé e, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó rọ́ kún fídíò náà sì dà bí elégbè. Ìjálá mọ ètò yìí dáadáa. Bí oníjàálá kan bá ń sun ìjálá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lágbo ń gbọ́ bóyá ó ṣi oríkì pè; bó bá ṣì í, wọ́n á dá a lẹ́nu, wọ́n á sì gba lílé lọ́wọ́ rẹ̀. Oríkì ìlú kì í sì í ṣe ẹ̀pọ́n lásán. Ogun tí ìlú sá fún wà nínú rẹ̀, ẹ̀gàn wà níbẹ̀, a ó kàn máa fi ijó gbé e mì ni. Ẹnì kan ṣoṣo lè yin ìlú, àmọ́ láti sọ òótọ́ nípa rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹlòmíràn tó lè sọ pé “irọ́ lo pa”.

Jos kò ṣaláì ní olórin ráàpù. M.I Abaga, Jesse Jagz àbúrò rẹ̀ àti Ice Prince ti ibẹ̀ dé Èkó, wọ́n sì yí ráàpù Nàìjíríà padà. *Talk About It* ti M.I jáde ní 2008. Nínú *MI 2* ti 2010, “Wild Wild West” sọ nípa rògbòdìyàn ìlú rẹ̀. Ní 2016 Ice Prince sọ àwo orin rẹ̀ ní *Jos to the World*. Àkọlé yẹn fi ibi tí orin náà kọjú sí hàn: láti Jos lọ bá ayé, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èkó ni ọjà wà. Síbẹ̀, orin tí ń ṣàlàyé Jos fún àlejò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ará Jos fi ń bá ara wọn jiyàn.

Ewu drill nìyí, ó sì lè le ní Jos ju ibòmíràn lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ àdúgbò nínú drill sábà máa ń dà bí ọgbà tí wọ́n sọ yíká ilé. Ní oṣù kìíní 2019, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so rọ̀ fún Skengdo àti AM, àwọn olórin drill méjì, nítorí pé wọ́n kọ orin kan tí àṣẹ ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n má kọ. Jos ti ní ọgbà tirẹ̀ kí drill tó dé. Bí mẹ́rin bá kọrin, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wá láti apá kan ṣoṣo, orin àdúgbò ni wọ́n kọ, bó ti wù kí wọ́n máa pe orúkọ ìlú tó. Ẹni tí kò sí nínú orin náà wà lára ohun tí mo ń gbọ́.

Bí ọmọ Angwan Rukuba bá wá parí ẹsẹ̀ tirẹ̀, tí ọmọ Angwan Rogo, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, gbà á lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú Hausa tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní tètè pàtẹ́wọ́. Lóde òní, olúkúlùkù lè gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n má fojú kan ara wọn rí. Ìdí nìyí tí mo fi máa dúró de fídíò. Ní Terminus, níbi tí ọjà ńlá ìlú ti jóná ní 2002, tọ̀tún tòsì ló ti ń ra iṣu nígbà kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni wọn yóò gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí, àti ta ni yóò dúró sẹ́yìn ta.