Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti Àwọn Tí Ń Sọ Ọ́

Òkìkí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ọ̀nà méjì ni a sáábà máa ń gbà sọ ìtàn rẹ̀, àléébù sì wà nínú méjèèjì.

Ọ̀nà kìíní ni ti ìwé Jesse Page, tí a tẹ̀ ní 1888, tí àkọlé rẹ̀ pe Crowther ní ọmọdékùnrin ẹrú tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù. Àkọlé náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó gé ìtàn lórí. A kò bí Àjàyí sí oko ẹrú. Nígbà tí ogun kó Òṣoògùn ní 1821, ó ti tó ọmọ bí ọdún 13. Ó ní baba àti ìyá, ó ní orúkọ, ó sì ní ìlú. Ẹni tí a sọ di ẹrú ni.

Ọ̀nà kejì ni tiwa. Ìtàn ìdílé sọ pé Àfàlá, ìyá rẹ̀, ti inú ẹbí Aláàfin Abíọ́dún wá; a kò jiyàn èyí. Ohun tí a ń bá wí ni pé a ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ọba ni ó gbé e dé orí àga Bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà ní, ibi kò ju ibi. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọba ni ó gbé e ga, kí ni a ó wí nípa àwọn ará Òṣoògùn yòókù tí a so mọ́ okùn kan náà?

Ẹlẹ́rìí kan wà tí ó sàn ju méjèèjì lọ: lẹ́tà tí Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ láti Fourah Bay ní Sàró sí Àlùfáà William Jowett ní 1837. Kò fi adé bẹ̀rẹ̀, kò sì fi ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ìtura ilé baba àti ìyá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí a ti fi òun pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn. Ó sọ pé nígbà tí ẹ̀rù bà òun pé a ó ta òun fún òyìnbó, òun gbìyànjú ní òru láti gba ẹ̀mí ara òun. Nínú lẹ́tà kan náà ni ó ti pe ọjọ́ tí a kó o ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tí ó mú un dé ọ̀dọ̀ Kristi.

Àwọn oníwàásù wa a máa ka ọjọ́ ìbùkún, wọn a sì fo òru náà. Èyí kò tọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Àjàyí tó tún rí Àfàlá, ní Abẹ́òkúta. A sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, a pè é ní Hannah. Bí a bá pe ọjọ́ ìkólẹ́rú ní ìbùkún nìkan, kí ni a ó pe ọdún 25 tí ìyá náà kò fi mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wọlé sí? Ẹni tí ó sọ ìrora rẹ̀ tán kí ó tó dúpẹ́ ni ọpẹ́ rẹ̀ ń wọni lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, nítorí ìlú yìí gba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí irú ogun bẹ́ẹ̀ lé kúrò ní ilé wọn. Kí Bowen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere níbí ní 1855, Crowther ti tẹ Ìwé Róòmù ní Yorùbá ní 1850. Odidi Bíbélì sì jáde ní 1884 láti ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èdè Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sì ni Àjàyí ti kọ́ ọ. Àwọn ọdún tí àkọlé Page gé kúrò ni ó fún wa ní Bíbélì tí a ń kà.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, ẹ ka lẹ́tà náà fún wọn tán, láti ìtura ilé títí dé ọpẹ́, kí ẹ má sì fo òru.