Ta Ni Ìlù Náà Ń Pè?

Ní ọ̀sán Sátidé kan tí a pàdé láti ka orin Ọbàtálá, a kò tíì mu kọfí tán tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó òrìṣà wa fi sọ ọ̀rọ̀ kan tó yí iṣẹ́ ọjọ́ náà padà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú aṣọ funfun. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òun wọ ilé tí wọ́n ti ń lu bàtá, kí òun tó mọ ohunkóhun nípa òrìṣà, àyà òun já, kì í sì í ṣe ti ayọ̀. Ó ní, “Mo ti gbọ́ irú ìlù yẹn rí nínú fíìmù. Wọn kì í lù ú kí ẹnì kan má kú.” A rẹ́rìn-ín. Bàbá wa àgbà, olúbàtá tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Matanzas, kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni a ṣe gbé ìwé orin sílẹ̀ fún ìpàdé méjì, tí a fi jókòó wo fíìmù. (A mọ̀ pé àwọn ilé kan lè má gbà kí ìyàwó jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé tirẹ̀ gbà á láyè, ìyálórìṣà rẹ̀ sì wà níbẹ̀.) Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ló kan ìwé tó ń sọ̀rọ̀ orin òrìṣà pẹ̀lú sinimá. Ó kàn wá gan-an.

Fíìmù tí a kọ́kọ́ gbé sí ojú ògiri ni King Kong, èyí tí Merian C. Cooper àti Ernest B. Schoedsack ṣe ní 1933. Max Steiner, ọmọ ìlú Vienna, ló ṣe orin rẹ̀. Lẹ́yìn orin ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìtàn ṣì wà ní New York, kò sí orin kankan lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré. Ohùn ènìyàn àti ariwo ìgboro nìkan ni. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi wọ inú kùrukùru nítòsí erékùṣù ni orin ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ wọlé, háàpù àti àwọn ohun èlò olókùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n ti dé. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìlù láti òkèèrè. Àwọn tó wà lórí ọkọ̀ náà gbọ́ ọ. A kò tíì rí ọmọ erékùṣù kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọkàn wa ti mọ irú ènìyàn tí a fẹ́ kí ó rò pé wọ́n jẹ́.

A wo ìran náà lẹ́ẹ̀kan sí i, a pa ohùn rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ohun tó kù kò ju ọkọ̀ kan nínú kùrukùru àti àwọn ọkùnrin tó ń wo ọ̀kánkán. Ó súni díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan dábàá pé kí a fi oru seco sí abẹ́ àwòrán kan náà, láti ìlù Ẹlẹ́gbá. A rò pé a óò kàn fi ṣeré ni. Ọkọ̀ náà kò bani lẹ́rù mọ́. Ó dà bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, tó ń dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Kùrukùru kan náà, àwọn ọkùnrin kan náà, ojú kan náà tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán. Ìyàwó wa ní, “Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?” Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí, ó sì yẹ kí ọmọ òrìṣà mọ̀ ọ́n. Ojú lè dì, etí kò ní ìpéǹpéjú. Ìlù tó wá láti ibi tí a kò rí máa ń jẹ́ kí ara múra sílẹ̀ kí ọgbọ́n tó dé. Ohùn tó bá wálẹ̀ gan-an ń mú kí inú máa gbọ̀n. Ìlù tó bá ń yára sí i díẹ̀díẹ̀ ń fa èémí ẹni mọ́ra. Steiner mọ gbogbo èyí, àwọn tó tẹ̀lé e sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Àwọn onílù tiwa náà mọ̀ ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní lè gbé òrìṣà wọlé.

Ohun kan ni a kò lè gbójú fò. Steiner fún Kong ní ohùn mẹ́ta tó ń sọ̀kalẹ̀ wúwowúwo, wọ́n sì ń padà wá nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ẹranko náà bá jáde. Èyí jọ ohun tí a mọ̀: òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlù tirẹ̀, bí a bá sì ti gbọ́ ọ, a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀kan nínú wa yára sọ pé nǹkan kan náà ni. Bàbá àgbà ní rárá. Ó béèrè pé, “Ta ló ń gbọ́ ọ?” Kong kò gbọ́ ohùn mẹ́ta yẹn rí. Àwa tó sanwó wọlé ni Steiner ń bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ẹranko náà, bí ẹni ń ṣe òfófó. Ìlù tí a ń lù nínú igbódù, ẹni tó ni ín ni a ń lù ú fún, òun náà ló sì ń gbọ́ ọ. Bí ènìyàn mìíràn bá wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ wú, ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Ó dùn wá pé nínú King Kong gan-an, àwọn ọmọ erékùṣù ń pe ẹnì kan ní tòótọ́. Wọ́n lu agogo ńlá, Kong sì jáde. Ìpè ni. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò bìkítà láti jẹ́ kí a mọ ohun tí ìpè náà sọ. Ó fi ìpè àwọn ènìyàn náà ṣe ẹ̀rù fún wa, ó sì kọjá lọ.

Láti ibẹ̀ dé The Believers, èyí tí John Schlesinger darí, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. A kò fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí kò tọ́ sí i. Nínú fíìmù yìí ni wọ́n ti dárúkọ ẹ̀sìn wa, tí wọ́n sì so ó mọ́ pípa ọmọdé. Àwọn tó ṣe é gbìyànjú láti sọ pé àwọn ẹni rere wà nínú ẹ̀sìn náà, pé àwọn ìkà yàtọ̀. Ẹnu ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù létí wa nígbà tí iná tàn ni ìlù àti ikú, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1987, oṣù kan náà tí ìgbìmọ̀ ìlú Hialeah ní Florida pe ìpàdé pàjáwìrì nítorí pé Ìjọ Lukumi Babalu Aye fẹ́ ṣílẹ̀kùn níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1993, ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà tó fagi lé àwọn òfin tí ìlú náà ṣe lòdì sí ẹbọ. A kò sọ pé fíìmù ló bí òfin. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tó jókòó nínú gbọ̀ngàn ìpàdé yẹn ti ń wo fíìmù láti kékeré, etí wọn kò ṣófo.

Ìpàdé kejì, Saworoidẹ ni a wò, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 láti ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó, ẹ wá a. Ìtàn ìlú Jogbo ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni májẹ̀mú ti wà láàárín ọba, ará ìlú àti ìlù tí wọ́n so ṣaworo idẹ mọ́. Ọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí òun, adé àti ìlù lè di ọ̀kan. Ẹni tí kò bá gbà á, tó sì dé adé náà, tí wọ́n wá lu ìlù yẹn, orí yóò fọ́ ọ títí yóò fi kú. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀ láti gbà á nítorí owó ló wá jẹ. Nígbà tó yá, ọ̀gágun Lágàta fi ìbọn gba ìlú. Ẹni tó bá mọ Nàìjíríà ọdún wọ̀nyẹn kò nílò àlàyé.

Orúkọ ìlù yẹn nìkan ti tó láti mú kí olúbàtá dìde jókòó. Ṣaworo tó wà létí ìyá ìlù dùndún, òun náà ni a ń pè ní chaworó lára iyá wa ní Kúbà. Àyàn tí ìtàn náà dá lé lórí, òun ni Añá tí a ń bọ. Nígbà tí onílù náà gbé ìlù rẹ̀ sá lọ, àwọn ọmọ Añá tó wà láàárín wa kò rò pé àfiwé ni. Wọ́n mọ àwọn tó ti gbé ìlù sá rí.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá wa. Ibì kan wà tí onílù ń fi ìlù bá àwọn ará ààfin sọ̀rọ̀. Àwa tí a kò gbọ́ Yorùbá dáadáa jókòó gan-an, a ń dúró de ewu, nítorí ohun tí fíìmù ti kọ́ wa ni pé bí ìlù bá ti ń dún tí ojú ènìyàn sì le, nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Arábìnrin wa tí wọ́n bí ní Ìlọrin bú sẹ́rìn-ín. Ìlù ń bú wọn ni! Ó ń fi àwọn olóyè ṣẹ̀sín lójú ara wọn. Yàrá kan, ìran kan, àwọn kan ń bẹ̀rù, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló sì gbọ́ fíìmù náà.

Bàbá àgbà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Ó ní ọwọ́ onílù náà ń dúró gba èémí. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ máa ń dúró kí ẹni tó ń gbọ́ lè gbọ́. Èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani kì í dúró, nítorí kò retí èsì. A ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sórí ọ̀pọ̀ fíìmù láti ìgbà náà, kò tíì já wa kulẹ̀.

Ìparí Saworoidẹ ló sì fi gbogbo rẹ̀ hàn. Nígbà tí ìlù náà dún, tí Lágàta dé adé lórí, kì í ṣe orin tí wọ́n fi sábẹ́ ikú rẹ̀ kí àwa lè mọ̀ pé ó ń kú. Ìlù náà ló ń pa á. Ó gbọ́ ọ, ó dì í lórí mú. Bí ẹ bá pa ohùn níbẹ̀, kì í ṣe pé ìran náà yóò súni bíi ti kùrukùru yẹn. Kò ní yé ẹnikẹ́ni rárá. A kì í sọ pé kò ní àbùkù. Àwọn ibì kan wà tí orin sọ ohun tí ojú wa ti rí, tó yẹ kí Kèlání gbẹ́kẹ̀ lé wa díẹ̀ sí i.

A fẹ́ fi fíìmù kan kún un ní kúkúrú, nítorí ọ̀pọ̀ yín ti wò ó: Oggún, tí Gloria Rolando ṣe ní 1991 lórí Lázaro Ros. Níbẹ̀, akpwón ló ń darí àwòrán. Ó ń kọrin, ìtàn Ògún tó sá wọ igbó ń tẹ̀lé ohùn rẹ̀, oyin Ọ̀ṣun ń dé nígbà tí orin bá dé ibẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ gbólóhùn kan yóò ṣì mọ̀ pé ẹnì kan ni ọkùnrin yìí ń kọrin sí.

Ibi tó ti wá ń dun àwa fúnra wa nìyí. Nígbà tí a padà sórí ìwé orin, a béèrè lọ́wọ́ ara wa pé mélòó nínú orin tí à ń kọ ni a mọ ohun tó ń sọ. Orin Ọ̀ṣun kan wà tó ń falẹ̀ ní ilé wa, omi a máa bọ́ lójú wa bí a bá ti gbé e. A jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú arábìnrin wa ará Ìlọrin àti ìwé ògbufọ̀ méjì. Bí ó ti yé wa báyìí, àpárá ni. Ìyá ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré. Bóyá ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń fi ohùn rẹ̀ ṣe orin abẹ́ fíìmù fún ìbànújẹ́ tiwa, tí Ọ̀ṣun sì ń wò wá. Àwọn kan nínú wa kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní ẹkún tí àwọn àgbà wa ní Kúbà sun sínú orin yẹn ti di ara rẹ̀, ìwé ògbufọ̀ kò lè yọ ọ́ kúrò. A kò tíì parí àríyànjiyàn náà.

Láàárín ìpàdé méjèèjì yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù kọ̀wé sí wa. Ó mọ̀wà hù, ó sì fẹ́ sanwó. Ó fẹ́ lo ohùn tí a gbà sílẹ̀, orin Yemọja kan, fún ìran tí obìnrin kan ti ń ṣìwèrè nínú ilé òun nìkan. Ìdajì wa ní kí a fún un, pé ó sàn kó lo ojúlówó ju kí ó lọ ra ìlù olójú-ìṣòro lọ́jà. Ìdajì kọ̀. A fohùn ṣọ̀kan pé kí a kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè bàbá àgbà: nínú ìran yẹn, ta ni orin náà ń pè, ṣé obìnrin náà sì ń gbọ́ ọ?

Ó fèsì lọ́jọ́ kejì. Ó ní kò pe ẹnikẹ́ni, pé kí ara àwọn òǹwòran kàn lè bù mọ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà ló tún kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀, pé òun kò rò ó rí pé obìnrin náà lè gbọ́ ọ, pé òun fẹ́ tún ìran náà kọ. Ìyá Yemọja tó wà láàárín wa ló ní kí a dúró kí a rí ohun tí yóò kọ.