Aláǹtakùn Nínú Kíláàsì

Nígbà tí igi bá ń wọ́wé ní Amẹ́ríkà, tí Oṣù Kẹwàá dé, ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi aláǹtakùn kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Mo fẹ́ràn àṣà yìí gidigidi. Ìwé The Very Busy Spider tí Eric Carle gbé jáde ní 1984 ni ọ̀gá lójú tèmi. Òwú aláǹtakùn inú rẹ̀ yọ sókè lójú ewé, débi pé ọmọ tí kò ríran pàápàá lè fi ìka tọ̀ ọ́. Ẹran ọ̀sìn kan lẹ́yìn òmíràn ń pe aláǹtakùn náà, kò dáhùn, iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Gbólóhùn kan náà sì ń jẹyọ léraléra, títí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé yóò fi máa bá olùkọ́ kà á.

Nínú ìwé Charlotte's Web ti E. B. White, aláǹtakùn kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sínú òwú rẹ̀ kí wọ́n má baà pa ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà lè ta òwú sára páálí, kí kálukú kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí àárín.

Ní ti Anansi, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n àwọn Àṣáńtì ní Gánà, kí olùkọ́ gbé ìwé sílẹ̀, kó pa ìtàn rẹ̀ bí àlọ́.