Ohùn Àwọn Ọmọ Ìyá Lórí Òkú Ìyá: Àyẹ̀wò Arò Àwọn Ọmọbìnrin ní Ìjẹmọ̀ àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìfáárà

Nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí ewì tí Yorùbá fi ń dárò òkú, ti ẹgbẹ́ àti ti awo ló gba iwájú. Bádé Ajúwọ̀n gbé odidi ìwé kalẹ̀ lórí ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ ní 1982. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àrùngbè àwọn olórò ni Ṣóbọ̀ Aróbíodu wò kọ ewì tirẹ̀ tó tẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Obìnrin kì í sì í rí Orò. Ìjẹmọ̀ pàápàá, ikú ìta gbangba ni ìwé ìtàn fi mọ̀ ọ́n: ikú àwọn tí ọmọ-ogun ìjọba yìnbọn pa níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1914, ọdún tí òmìnira Ẹ̀gbá dópin. Arò tí àwọn ọmọbìnrin ń dá nínú ilé lórí òkú ìyá wọn kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹkún lásán ni a sábà ń kà á sí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé inú arò náà ni àwọn ọmọ ìyá ti ń pín ogún kan tí a kò lè kó sínú àpótí: oríkì ìyá, ipò ìyá, àti ìpadàbọ̀ ìyá.

Oríkì ìyá nínú ilé ọkọ

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan kò sọ orúkọ rẹ̀ nù. Ìjẹmọ̀, Aké, Kémta àti àwọn yòókù ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú Ògbóni àti oyè tirẹ̀. Níwọ̀n bí ìbátan kì í ti í fẹ́ra, obìnrin tí a bá gbé níyàwó wọ agboolé kan ní Ìjẹmọ̀, oríkì ilé baba rẹ̀ ló bá a wọlé. Karin Barber (1991) ti fi hàn ní Òkukù pé àwọn obìnrin, ìyàwó ilé àti ọmọ ilé, ni òpó oríkì kíkì. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún wa, ṣùgbọ́n ó ṣílẹ̀kùn fún ìbéèrè kan: bí ìyàwó ilé bá kú, ta ni yóò ki òun náà? Àwọn orogún lè kì í, àwọn ará ilé baba rẹ̀ náà lè wá. Àmọ́ nínú agboolé ọkọ, àwọn ọmọ inú rẹ̀ nìkan ló ni oríkì yẹn. Àwọn ọmọkùnrin wà nídìí sàréè, owó àti àlejò. Ẹnu àwọn ọmọbìnrin ni oríkì náà bọ́ sí. Àwọn náà sì ti lọ sílé ọkọ káàkiri. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé baba wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ti máa ń pàdé kò ní ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ mọ́.

Ìpín ohùn

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí arọ́pò orúkọ. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í pe ìyá rẹ̀ ní ‘o’ nígbà tó wà láyé, ‘ẹ’ ni. Nínú arò, ‘o’ ni wọ́n ń lò, bí wọ́n ti ń kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀kùn tàbí ekòló, pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó bá wọn jẹ. Ẹnìkan lè sọ pé ìlànà oríkì ni èyí, nítorí ọba pàápàá, ‘o’ ni a fi ń kì í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ki ọba yóò padà sórí ‘ẹ’ nígbà tí kíkì bá parí. Ọmọ olóòkú kò ní ẹni tí yóò padà pè ní ‘ẹ’ mọ́.

Ibí yìí ni ipò àkọ́bí ti hàn. Ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń ṣíwájú pẹ̀lú oríkì àti ọ̀rọ̀ ìdágbére tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò a gbà á pẹ̀lú ìbéèrè: ta ni yóò wá wẹ ọmọ fún un bó bá bímọ? Òkú ló dojú ìbéèrè kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló ń gbọ́ ọ, òun ni yóò sì fi ìwà dáhùn lọ́jọ́ iwájú. Báyìí ni arò ṣe ń fi ẹnìkan jẹ ìyá láìsí ìpàdé ẹbí.

Ìpadàbọ̀

Ẹ̀bẹ̀ tó máa ń kẹ́yìn ni pé kí ìyá padà wá yà lọ́dọ̀ ọmọ. Lọ́dọ̀ èwo nínú wọn? Aṣọ ìyá ń fa aáwọ̀, nítorí ẹnìkan ṣoṣo ló lè ró ìró kan lẹ́ẹ̀kan. Ti ìpadàbọ̀ yàtọ̀. Bọ́lájí Ìdòwú (1962) ti tọ́ka sí i pé, nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, òkú kan lè yà ní ilé ọmọ púpọ̀, síbẹ̀ kó ṣì wà lọ́run. Yétúndé lè wà nílé ẹ̀gbọ́n, kí Ìyábọ̀ wà nílé àbúrò, ìyá kan náà ni. Nítorí náà, olúkúlùkù lè bẹ ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ láìgba ti èkejì.

Ó yẹ kí a ya òkú ọ̀fọ̀ sọ́tọ̀. Bí ìyá bá kú ní kékeré, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì ní ọkọ, ẹ̀bẹ̀ yìí kò rí ilé tí yóò yà sí. Ìbéèrè àbúrò ni yóò gba gbogbo arò náà.

Ìgúnlẹ̀

Láti 1846 tí àwọn ajíhìnrere CMS ti dé Abẹ́òkúta, orin ìjọ ti gba ọ̀pọ̀ àyè arò lọ́jọ́ àìsùn. Nílé Mùsùlùmí, àdúrà fídáù ni. Ìtùnú wà nínú méjèèjì, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ, kò sì sí ibi tí a ti lè gbọ́ pé àbúrò ló ń bi ẹ̀gbọ́n. Àwa olùwádìí náà ń ṣe irú rẹ̀ nígbà tí a bá da gbogbo ohùn pọ̀ sórí ìwé bí ewì ẹnìkan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ arò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó sọ ọ́ fún, àti ẹni tó dákẹ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó ní ọ̀rọ̀ arò lọ́wọ́, a ó sì ti pàdánù àwọn ọmọ ìyá.