Òṣùwọ̀n Òjò àti Ooru Létí Ọ̀sà Ìpakodò

Ìpakodò ni Ìkòròdú ti bá ọ̀sà pàdé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò níbẹ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó, ẹni tó sì ń wa ọkọ̀ kì í ṣí láìgbójú sókè. Á wo àwọ̀ òfuurufú, á wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, á wo bí omi ṣe ń ru. Ìmọ̀ gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ òní ni. Bí a bá bi í bóyá òjò ọdún yìí pọ̀ ju ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lọ, ìrántí nìkan ló kù tí yóò fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ òjò tó wọ yàrá ẹni lèèyàn sábà máa ń rántí. Èyí tó rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lóru, tó dá kílẹ̀ tó mọ́, ta ni yóò kà á?

Agolo kan ní ibùdó ojú ọjọ́ ló ń kà á. Ó dúró ní gbangba, ó jìnnà sí igi àti òrùlé, ó lanu sókè. Lójoojúmọ́, ní wákàtí kan náà, ẹnìkan á lọ wo omi inú rẹ̀, á fi mìlímítà kà á, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mìlímítà kan ni lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ, ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Èkó lé ní 230 mìlímítà. Àyè tí kò ju ibi tí a lè tẹ́ ẹní ọmọdé sí gba omi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan ṣoṣo, omi ṣì ṣẹ́kù. Ẹ wá ro ti gbogbo òrùlé àti gọ́tà Èkó.

Síbẹ̀, iye ọjọ́ kan kò lè sọ ewu tó wà níwájú orílẹ̀-èdè. Ọgbọ̀n ọdún ni Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, ní kí a fi mọ bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe máa ń rí; ti lọ́wọ́lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó parí ní 2020. Sùúrù yìí ni mo kan sáárá sí jù. Ẹni tó kọ òdo sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó kọ 230. Òdo wọ̀nyẹn la fi ń mọ ọ̀dá.

Ní 1993, Thomas McKee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n ọ̀dá kan jáde tí wọ́n ń pè ní SPI. Kì í fi ìlú kan wé òmíràn; òjò ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń fi wé èyí tí ìlú náà ti ń gbà látẹ̀yìnwá. Bí ó bá wà lódo, òjò rọ̀ bó ṣe yẹ. Bí ó bá lọ sílẹ̀ dé -1, ọ̀dá ti wọlé. Bí ó bá dé -2, ó ti le kọjá kèrémí. Maiduguri ń gba nǹkan bí 600 mìlímítà lọ́dún, Èkó ń gbà ju 1,500 lọ, nítorí náà òjò tí ará Maiduguri yóò fi dúpẹ́ lè jẹ́ ọ̀dá ńlá ní Ìkòròdú. Ọ̀dá tó ba ilẹ̀ Sahel jẹ́ ní nǹkan bí 1972 sí 1973, àti èyí tó tún dé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ló gba ọkàn gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ìmọ́tà tàbí Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀dá tirẹ̀: òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gbin àgbàdo, òjò sì dáwọ́ dúró títí èhù fi gbẹ. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, ń kéde lọ́dọọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò tán, àti bí ìsinmi òjò inú oṣù Ògún yóò ṣe pẹ́ tó. Ó yẹ kí ìkéde náà dé etí àgbẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí irúgbìn.

Ti ooru yàtọ̀. Létí ọ̀sà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára, ohun tí ara sì ń rí ju iye tí tẹmómítà kọ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo tẹmómítà méjì, tí wọ́n fi aṣọ tútù wé ìdí ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ bí ọ̀rinrin náà ṣe pọ̀ tó. Ní oṣù Èrèlé 2024, nígbà tí ooru mú etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ooru tí ara ń rí dé nǹkan bí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kò tó 40 ní ọ̀pọ̀ ibi.

Àwọn onímọ̀ a máa pa gbogbo èyí pọ̀ di iye kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè. Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà ń gbé irú rẹ̀ jáde. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ pín owó ìrànwọ́. Àmọ́ bí a bá da gbígbẹ Maiduguri pọ̀ mọ́ omi Ìpakodò, a ó rí ìlú kan láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Omi Ìpakodò pàápàá kì í ṣe ti òjò ibẹ̀ nìkan. Odò Ògùn ń ti apá Ṣakí bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì ń ṣàn wọ ọ̀sà nítòsí Májídùn. Ní 2010, nígbà tí wọ́n ṣí omi ìsédò Ọ̀yán, tó wà lórí odò kan tó ń ṣàn wọ Ògùn, sílẹ̀, omi lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú kúrò nílé, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kó lára wọn lọ sí àgọ́ ní Àgbòwà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Agolo òjò tó wà ní Ìkòròdú kò lè rí irú omi bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti Ṣakí àti ti Abẹ́òkúta ló lè rí i, pẹ̀lú ìlà òṣùwọ̀n tí wọ́n bá kùn sára òpó èbúté Ìpakodò, tí ẹnìkan ń kà láràárọ̀, tí iye rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣí ìsédò kí wọ́n tó ṣí i.