Àwọn Tó Ń Wọn Ìgboyà

Bi ọ̀dọ́ kan léèrè bóyá ó mọ ìwúlò kọ́ńdọ̀mù, kíá ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Bi í bóyá ó lè sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n lò ó, nígbà tí ọtí ti ń pa àwọn méjèèjì: ẹnu rẹ̀ lè má yá mọ́. Àárín ìdáhùn méjèèjì yìí làwọn tó ń ṣe ìwé ìbéèrè nípa ìgboyà ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn sì wù mí.

Albert Bandura ti yunifásítì Stanford ló gbé èrò ìgboyà yìí, ìyẹn ìdánilójú pé ènìyàn lè ṣe nǹkan, kalẹ̀ lọ́dún 1977. Ìlànà rẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gún régé. Má bi ènìyàn bóyá yóò ṣe nǹkan. Bi í bó ṣe dá a lójú tó pé òun lè ṣe é, kó sì fi òǹkà dáhùn, láti 0 dé 100. Kí ìbéèrè máa le sí i, torí ohun tó rọrùn fún gbogbo ènìyàn kì í fi ìyàtọ̀ hàn.

Lọ́dún 1991, àwọn olùwádìí méjì, Brafford àti Beck, gbé ìbéèrè 28 jáde lórí kọ́ńdọ̀mù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọn ò dúró sórí bí a ṣe ń lò ó nìkan. Wọ́n dé ibi ìtìjú rírà á, ìbẹ̀rù pé ẹnìkejì lè kọ̀, àti ọtí. Kí ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, Bandura tún ní kí olúkúlùkù dáhùn ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n fi nọ́mbà rọ́pò orúkọ.